Ẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn: ti ta ni, ta ló ń sanwó rẹ̀, kí ló sì kàn wá níbẹ̀?

Lónìí a fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa ti rí nínú fíìmù tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn. Àwọn míì ń pe ẹlikọ́pítà ní bàálù agbérapàá, torí pé kò nílò ọ̀nà gígùn kó tó gbéra. Tí a bá rí i, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ti ìjọba ni, tàbí ti olówó ńlá. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn mẹ̀kúnnù ló ń dáwó jọ tí wọ́n fi ń gbé e fò: àgbẹ̀, aláṣọ, tíṣà, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń dá a bí àwa náà ṣe ń dá tọ́ntínì.

A ò kọ èyí kí Massè lè lọ ra ẹlikọ́pítà. A kọ ọ́ torí pé apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gbéra rárá, apá yẹn sì wà níkàáwọ́ abúlé. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an?

Áńbúláǹsì òfuurufú jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n tò bíi yàrá ìtọ́jú kékeré. Èyí tó jẹ́ ẹlikọ́pítà máa ń gbé awakọ̀ kan tàbí méjì, dókítà kan, àti òṣìṣẹ́ ìlera kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì dáadáa. Ibùsùn kan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ́síjìn wà níbẹ̀, oògùn tó ń pa ìrora wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù àti èyí tó ń bá aláìsàn mí náà wà níbẹ̀. Àwọn kan tún ń gbé ẹ̀jẹ̀ dání nínú àpótí tútù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí kí aláìsàn lè tètè dé ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ṣe ń lò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni kí dókítà lè tètè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹlikọ́pítà máa ń balẹ̀ sí pápá, tí dókítà á tọ́jú ẹni tó fara pa níbi tó wà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi áńbúláǹsì orí ilẹ̀ gbé e lọ, dókítà náà á sì bá a wọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ikú níbẹ̀ ni àkókò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní wákàtí mẹ́ta tó lè fi dúró de ọkọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní Australia ni irú iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú lásán ni wọ́n sì ń lò nígbà náà. Ilẹ̀ náà fẹ̀ gan-an, àwọn tó ń sin ẹran ń gbé jìnnà sí ara wọn, jìnnà sí dókítà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ John Flynn ló kó àwọn ènìyàn jọ láti dá owó. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1928, ọkọ̀ òfuurufú wọn àkọ́kọ́ gbéra ní ìlú Cloncurry, pẹ̀lú dókítà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i kíá pé ọkọ̀ òfuurufú kò wúlò bí aláìsàn kò bá lè ránṣẹ́ pè é. Kò sí tẹlifóònù lóko. Ọkùnrin kan, Alfred Traeger, wá ṣe rédíò kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wa bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́, kó lè ní iná. Ìyàwó àgbẹ̀ á jókòó, á máa wa ẹsẹ̀, á sì bá dókítà sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní Switzerland, ibi tí òkè pọ̀ sí, àwọn aláàánú dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Rega sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ní Jámánì, ẹlikọ́pítà tí wọ́n pè ní Christoph 1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Munich ní ọdún 1970, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò tó ń jẹ́ ADAC ló sì wà nídìí rẹ̀. Ní Faransé, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà: SAMU bẹ̀rẹ̀ ní Toulouse lọ́dún 1968 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Louis Lareng, ìjọba àti àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ ló sì ń gbé ẹrù náà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ SAMU ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Benin.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó dúró lé lórí jù, torí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàánú ti gba iṣẹ́ yìí ṣe pátápátá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1987, ẹlikọ́pítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aláìsàn ní Cornwall, ilẹ̀ àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tó wọ inú òkun lọ, tí ọ̀nà rẹ̀ tóóró tó sì ń wọ́. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1989, wọ́n dá ti Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, èyí tó ń gbéra lórí òrùlé ilé ìwòsàn Royal London. Ti Wales bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2001. Lónìí, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ní 20 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olúkúlùkù pẹ̀lú agbègbè tirẹ̀.

Àríwá Ireland ló pẹ́ jù kó tó ní tirẹ̀. Dókítà kan wà níbẹ̀, John Hinds, tó máa ń gun alùpùpù tẹ̀lé àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje, kó lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ṣubú. Ó ti rí àwọn tí ì bá yè ká ní wọ́n tètè rí ìtọ́jú. Ó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlikọ́pítà wà. Ní oṣù keje ọdún 2015, òun fúnra rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá alùpùpù níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kú tẹ̀lé e. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n dá owó, nígbà tó sì di ọdún 2017 ẹlikọ́pítà náà gbéra.

Bí ìpè kan ṣe ń lọ

Ká ní àgbẹ̀ kan ní Cornwall bọ́ sábẹ́ katakata. Ìyàwó rẹ̀ á pe nọ́mbà kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹni tó gbé e á béèrè ìbéèrè díẹ̀: níbo lẹ wà? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ń mí? Ṣé ó lè sọ̀rọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Bó ṣe ń gbọ́ ni ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú á ti máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà ju áńbúláǹsì orí ilẹ̀ lọ. Tó bá jù ú lọ, ẹlikọ́pítà á gbéra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá ń sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, tí kò sì sí kọ́nà tó máa yà, kò ní pẹ́ dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni orí tẹlifóònù ṣì ń sọ fún ìyàwó náà bó ṣe máa tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìyẹn ni pé, ìyàwó àgbẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá mọ nọ́mbà, bí kò bá lè sọ ibi tó wà, ẹ̀rọ tó níye lórí yẹn á wà nílẹ̀ ni.

Ẹlikọ́pítà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kurukuru lè dá a dúró, òjò líle pẹ̀lú ìjì lè dá a dúró. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fò lóru. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń fi mọ́tò gbé dókítà lọ tílẹ̀ bá ti ṣú. Ó sì níláti ní ilé ìwòsàn gidi tó ń gbé aláìsàn lọ. Bí ó bá gbé e dé ibi tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ni àǹfààní eré tó sá?

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un, torí pé ẹlikọ́pítà ṣọ́jà tàbí ti ìjọba lè balẹ̀ níbikíbi lọ́jọ́ kan. Atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ lè ká páànù tí kò le dáadáa, ó lè gbé aṣọ tí a sá àti iyẹ̀pẹ̀ sínú ojú. Ẹ di àwọn ọmọdé mú, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ má sún mọ́ ọn àfi tí awakọ̀ bá fọwọ́ pè yín, kí ẹ sì gba iwájú níbi tó ti lè rí yín. Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn láéláé: abẹ kékeré tó ń yí nírù rẹ̀ ń yára débi pé ojú kì í rí i.

Ta ló ń sanwó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìgbéra kan ṣoṣo máa ń ná wọn ju 2.000 pọ́n-ùn lọ, èyí tó ju mílíọ̀nù kan sẹ́fà lọ dáadáa. Síbẹ̀, aláìsàn kì í san kọ́bọ̀. Wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dákú sílẹ̀ pé mélòó ló ní lápò.

Owó náà ń wá láti ọ̀nà kéékèèké. Àkọ́kọ́ ni tẹ́tẹ́ aláàánú: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀, wọ́n á fa nọ́mbà, ẹni tí ó bá mú á gba ẹ̀bùn, èyí tó kù á lọ sínú iṣẹ́. Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù. Àwọn ènìyàn á kó aṣọ tí wọn kò lò mọ́ wá, ẹgbẹ́ á tà á. Àwa tí a mọ ọjà Missèbo ní Cotonou mọ̀ pé aṣọ àlòkù láti Yúróòpù kì í ṣe ohun kékeré. Díẹ̀ nínú aṣọ tí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò tà tán máa ń gba ọ̀nà òkun wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń sáré tàbí tí wọ́n ń rìn lọ́nà jíjìn kí àwọn ará ilé wọn lè fowó sí i. Ẹ̀kẹrin ni ogún: ẹni tó ń dàgbà á kọ ọ́ sínú ìwé pé tí òun bá kú, kí apá kan nínú owó òun lọ sọ́dọ̀ ẹlikọ́pítà. Ọmọba William, tó máa jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ iwájú, wa irú ẹlikọ́pítà yìí ní East Anglia láti 2015 sí 2017, ó sì fi owó oṣù rẹ̀ tọrẹ fún àwọn aláàánú. Ṣùgbọ́n owó ọmọba kọ́ ló ń gbé ẹ̀rọ náà fò. Pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn kan ni.

Ti Switzerland tún yàtọ̀ díẹ̀. Láti ọdún 1966 ni Rega ti ń gba owó kékeré lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́. Lónìí, àwọn tó ń san án lé ní mílíọ̀nù 3, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 9. Owó náà kò ju iye tí ẹnì kan tàbí méjì fi ń jẹun lẹ́ẹ̀kan nílé oúnjẹ wọn. Ẹlikọ́pítà wọn tiẹ̀ máa ń gbé màlúù tó fara pa lórí òkè fún àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́. Àgbẹ̀ tí wọ́n gbé màlúù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kò ní gbàgbé láti san ti ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa san án fún ogún, ọgbọ̀n ọdún ni pé wọ́n mọ ibi tí owó ń lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin mú un pé kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ìṣirò owó rẹ̀ hàn gbangba lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Àwa náà mọ̀ pé tọ́ntínì tí ìwé rẹ̀ kò mọ́ kì í pẹ́ tú ká.

Áfríkà ńkọ́?

Àwọn ará wa ní Áfríkà kò jókòó lásán. Ní ọdún 1957, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ mẹ́ta, Michael Wood, Archibald McIndoe àti Thomas Rees, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfríkà tí a mọ̀ lónìí sí AMREF. Àwọn dókítà rẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré lọ ṣe iṣẹ́ abẹ láwọn ibi tí ọ̀nà kò dé. Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Wilson ní Nairobi ni wọ́n ti ń gbéra títí di òní, wọ́n sì ní ètò kan tí ènìyàn lè sanwó sí lọ́dọọdún kí wọ́n lè wá gbé e lọ́jọ́ pàjáwìrì.

Ní Gúúsù Áfríkà, Croix-Rouge ibẹ̀ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1966. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú àti ẹlikọ́pítà, ẹgbẹ́ aláàánú ni, ó sì ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà ní ilẹ̀ Áfríkà, òun ló jọ ti Cornwall jù.

Ní Nàìjíríà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ọmọbìnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Ola Orekunrin, ló dá Flying Doctors Nigeria sílẹ̀ ní Èkó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12, ló lọ kí àwọn ẹbí ní Nàìjíríà. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí a ń pè ní drépanocytose lédè Faransé, mú ọmọ náà. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí kò lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹbí wá áńbúláǹsì òfuurufú kiri, Gúúsù Áfríkà ni wọ́n ti rí èyí tó sún mọ́ jù. Ọmọ náà kú kí ètò tó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ sílé. Ilé iṣẹ́ olówò ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú: aláìsàn, ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ tàbí ìdáǹdè ìlera ló ń sanwó. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìrora ilé kan lè di ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé. Bí kò bá sì sí owó àjọdá, ẹni tó ní lọ́wọ́ nìkan ni ẹ̀rọ á máa gbé.

Ní Ghana, láti oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n ń lo dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, láti gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn abúlé. Kò gbé aláìsàn, ṣùgbọ́n ó gbé ohun tí aláìsàn ń dúró dè.

Níbi tiwa

Ní Benin, a kò ní ẹlikọ́pítà aláàánú. Ohun tí a ní ni ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà láti ipele dé ipele: láti abúlé sí centre de santé, láti ibẹ̀ sí hôpital de zone ní Pobè tó wà fún Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétou, láti ibẹ̀ sí CHUD ní Porto-Novo, tàbí kí ó dé CNHU ní Cotonou. A ní SAMU, a ní àwọn panápaná tí nọ́mbà wọn jẹ́ 118. A ní zémi.

Láti Porto-Novo gba Sakété dé Pobè, ọ̀nà ọ̀dà ni. Ìṣòro ni ti inú lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹni tó mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ló mọ ilẹ̀ dúdú wa tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé ní 1914, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó dá àwọn ṣọ́jà lójú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ kan náà ló ń dá aláboyún lójú ọ̀nà lónìí.

Ní ọdún 1994, àwọn oníwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ ìwé kan tí àwọn agbẹ̀bí káàkiri ayé ń lò títí di òní. Wọ́n ní ìfàsẹ́yìn mẹ́ta ló ń pa ìyá tó ń rọbí. Ìkíní ni ìfàsẹ́yìn nínú ìpinnu: ta ló máa sọ pé ká lọ? Èkejì ni ìfàsẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ìfàsẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ilé ìwòsàn, tí kò sí oògùn, tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n ń dúró de owó.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹlikọ́pítà kò wo ju ìfàsẹ́yìn kejì sàn. Ìkíní wà nínú ilé wa. Obìnrin bímọ lóru, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọkọ wà ní Nàìjíríà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n dúró kí ọmọ òun kọ́kọ́ dáhùn tẹlifóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní owó ọwọ́ òun kò tó. Wọ́n wá onízémi, ó ní òun kò wọ ẹrẹ̀ yẹn lóru. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa ìyá láàárín wákàtí méjì. Bí wákàtí kan àtààbọ̀ bá ti lọ nínú ilé, ẹlikọ́pítà Lọ́ńdọ̀nù gan-an kò lè dá a padà.

Ohun tí abúlé lè ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni

Gbogbo ohun tó yí ẹlikọ́pítà Cornwall ká, nọ́mbà, ìpinnu kíákíá, owó àjọdá, ẹni tó múra sílẹ̀, la lè ṣe ní Massè láì sí ẹ̀rọ.

Ìkíní, ìpinnu. Kí oyún tó pé oṣù méje, kí ilé jókòó, kí wọ́n sọ ọ́ tán: ibo ni yóò bí sí? Ta ló lè sọ pé ká lọ bí ọkọ kò bá sí nílé? Orúkọ ẹnì kan pàtó ni kí wọ́n dá, kí ìyá ọkọ gbọ́, kí ọkọ náà gbọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn sọ́nà nígbà òjò, kó wá gbé lọ́dọ̀ ìbátan tó sún mọ́ ilé ìgbẹ̀bí bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́.

Èkejì, nọ́mbà. Kí a kọ nọ́mbà agbẹ̀bí, ti centre de santé, ti onízémi méjì àti ti onímọ́tò kan sára ògiri, ní lẹ́tà ńlá, nílé olórí abúlé tí a ń pè ní délégué, ní ilé ẹ̀kọ́, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́mbà tó wà nínú fóònù ẹnì kan ṣoṣo kò wúlò lọ́jọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá kú.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí a máa sọ. Àwa tíṣà ni èyí kàn jù. Ọmọ tó wà ní CM2 lè kọ́ láti pè, kó sì sọ ohun márùn-ún: orúkọ abúlé àti àmì tó wà nítòsí, bíi igi ìrókò, ẹ̀rọ omi tàbí ilé ẹ̀kọ́; ohun tó ṣẹlẹ̀; ọjọ́ orí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí; bóyá ó ń mí, tó sì ń dáhùn; ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Kó má sì pa fóònù àfi tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá ní ó tó. A lè fi ṣe eré nínú kíláàsì, ní Faransé àti ní Yorùbá, torí a kò mọ èdè tí ẹni tó máa dáhùn gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, àpótí owó pàjáwìrì. Ká ní ilé 100 dá 100 sẹ́fà lóṣù kan. Ìyẹn jẹ́ 10.000 lóṣù, 120.000 lọ́dún. Kò ra ẹlikọ́pítà, ṣùgbọ́n ó lè sanwó ọkọ̀ dé Pobè lóru láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń kanlẹ̀kùn yá owó. Kí ènìyàn mẹ́ta mú un dání: ọ̀kan kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan ìwé, ọ̀kan kó máa wo àwọn méjèèjì. Kí obìnrin wà nínú wọn. Lóṣooṣù, kí wọ́n ka ìṣirò náà sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn. Kí òfin rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ọ̀rọ̀ ìdápadà tẹ̀lé e.

Ẹ̀karùn-ún, awakọ̀. Kí àwọn onízémi àti onímọ́tò pín òru láàárín ara wọn, kí a mọ ẹni tó wà lójúfò lóru òní, kí owó rẹ̀ sì ti dájú nínú àpótí. Onízémi tó mọ̀ pé òun máa gbowó kò ní pa fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi ọ̀sán Sátidé kan dí kòtò tó burú jù lójú ọ̀nà kí òjò tó dé.

Ẹ̀kẹfà, ẹ̀jẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ara ènìyàn nìkan ló ti ń wá. Kí ẹni tó lera lọ fi sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ bá ṣètò rẹ̀, láì dúró de ọjọ́ tí yóò kan ẹni tirẹ̀.

Àwọn àmì tí a kò gbọ́dọ̀ fi òru dúró dè nìyí: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà láì dúró lára aláboyún tàbí ìyá ọmọ, gìrì lára aláboyún tàbí ọmọdé, ọmọ tí ibà mú tí kò lè mu omi tàbí ọmú mọ́, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí àyà ń dùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹni tí ejò bù jẹ. Ní ti ejò, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi okùn fún un. Kí ẹni náà má fi ẹsẹ̀ tàbí apá náà rìn tàbí ṣiṣẹ́, kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní Cornwall, agbègbè àwọn apẹja, ẹlikọ́pítà gbéra ní 1987. Rédíò ẹlẹ́sẹ̀ ti Australia náà, ohun tí ọkùnrin kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ni. Ìpàdé abúlé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí obìnrin kan bá ń rọbí ní Massè lálẹ́ òní, tí òjò sì ń rọ̀, ta la máa pè? Bí a kò bá lè dá orúkọ ẹni náà kíá, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.